Òru Ni Wọ́n Ń Kà, Kì Í Ṣe Ọjọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ẹ máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi, ẹ ó máa jiyàn nípa iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe bí ẹ bá jáde ní yunifásítì, ẹnìkan nínú yín á sì yíjú sí mi pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ̀yin ṣe nígbà tiyín?" Bí mo bá ní mo ń ka ọjọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé àwàdà ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ka ọjọ́ fún àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun náà ló sì mú kí n ṣẹ obìnrin kan ní ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò rí àtúnṣe sí. Ẹni tó bá fẹ́ yan iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti lè ṣe é léṣe, kó sì mọ ibi tí òun náà ti lè fi ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Ìrẹsà ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sí ìlú Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ Alájì Kòlápọ̀, oníṣirò owó kan tó ti gbé Ìlú Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Bó ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó tó ń san fún mi, ẹ má bi mí, kí n má baà ba ẹni tó ti kú lórúkọ jẹ́.

Iṣẹ́ ibẹ̀ rèé. Àwọn ọmọ Ìlú Ọba tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè wa, bí ẹnjiníà, tíṣà, dókítà àti onímọ̀ àgbẹ̀, ìjọba méjì ló ń wo owó oṣù wọn. Wọ́n ń san owó orí tibí níbí. Ìjọba ilé wọn náà sì ń bi wọ́n pé, "Ṣé ará ilé ni yín lọ́dún yìí, àbí ará òkèèrè?" Bí òyìnbó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún lókèèrè, tí iye ọjọ́ tó lò nílé wọn kò sì pé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún láàárín ọdún kan, tí kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ ló ń lọ ṣe níbẹ̀, wọn á gbà pé ará òkèèrè ni. Wọn ò ní fọwọ́ kan owó tó gbà níbí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àní bó jẹ́ ọjọ́ kan péré, ó lè di ará ilé fún odindi ọdún, á sì san ìwọ̀n tí owó orí tiwọn fi ju tiwa lọ. Ọdún náà gan-an kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní bí ọdún àwa èèyàn. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má bi mí ìdí. Alájì ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní, "Òfin wọn kò bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́. Ibi tó o sùn ló ń bi ọ́."

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ gbígbá àti fáìlì títò ni mo ń ṣe. Ní oṣù kẹta, Alájì gbé ìwé ìrìnnà ẹnjiníà kan kalẹ̀ níwájú mi. Òntẹ̀ inú rẹ̀ fi hàn pé ọkùnrin náà wọ Ìlú Ọba lọ́jọ́ Ajé, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Alájì ní, "Ọjọ́ mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́jọ, sà."

"Báwo lo ṣe kà á?"

"Bí wọ́n bá bí ọmọ lọ́jọ́ Ajé, sà, Ajé tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ sì ni."

Ó gba ìwé tí mo kọ ìdáhùn sí lọ́wọ́ mi, ó fà á ya. Ó ní, "Ṣé ìkómọ la wá ṣe níbí?"

Ó wá fi mí sórí ìdúró, ó kọ́ mi. Ó ní àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a sì tún máa ń ka ọjọ́ tó parí. Ìjẹta tí à ń pè yẹn, ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá, òní la kà mọ́ ọn tó fi di ẹ̀ta. Ọjà ọrọọrún tí ìyá mi ń ná ní Ìrẹsà, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń sùn kó tó tún pé. Ó ní kò sí ohun tó ṣe èdè wa, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ka ọjọ́ òyìnbó, màá ba ayé ẹnìkan jẹ́ lọ́jọ́ kan. Lásìkò yẹn, òfin wọn kì í ka ọjọ́ tí èèyàn dé, kì í sì í ka ọjọ́ tó kúrò. Mẹ́fà ni ìdáhùn.

Alájì le. Òfin mẹ́ta ló fi de iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíní, orí òntẹ̀ ni kí o ti kà á, má gba ọjọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìkejì, kà á láti iwájú, kà á láti ẹ̀yìn, bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tún un bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á lẹ́yìn rẹ kí ìdáhùn tó jáde lọ́fíìsì. Mo fi ẹyọ kan ṣìṣe nínú fáìlì dókítà kan, ó ní kí n tún gbogbo fáìlì ọdún náà kà. Mo sunkún. Mo ṣépè fún un nínú ikùn mi, kí Ọlọ́run forí jì mí. Nígbà míì tí mo bá ní kí n lọ jẹun, á ní, "Ebi ń pa ọ́, àbí ojú ń kán ọ?" Ojú máa ń kán mi lóòótọ́.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Mo mọ tíṣà kan tó fi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ láàárín, tó sáré lọ wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí a ti sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ó padà wá dúpẹ́. Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá ti ṣì í kà ńkọ́, ta ni yóò dá ìgbéyàwó náà padà fún un? Èmi ń wò ó pé bàbá yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọpẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òfin wọn yí padà. Wọ́n ní àwọn kò yọ ọjọ́ kankan sẹ́yìn mọ́, pé ibi tí èèyàn bá wà nígbà tí aago méjìlá òru bá lù làwọn ń wò. Ọ̀sẹ̀ ẹnjiníà ọjọ́sí wá di méje. Ilé wa pè é ní mẹ́jọ, òfin àtijọ́ pè é ní mẹ́fà, òfin tuntun pè é ní méje, ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni o. Alájì lọ ra ìwé onílà wínníwínní, àpótí kéékèèké kan fún òru kan. Òru tí èèyàn bá sùn sí Ìlú Ọba, a ó fi pẹ́ńsùlù kun àpótí rẹ̀ dúdú. Èyí tó bá sùn síbòmíràn, a ó fi í sílẹ̀ ní funfun. Bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ó ní kí n lọ ṣí ọ́fíìsì kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtòsí Ọjà Igbó. Ibẹ̀ ni mo ti di ọ̀gá ara mi. Àwọn ará ọjà ń pè mí ní Ìyá Oníwèé, orúkọ yẹn sì ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti mọ Rúùtù. Onímọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ ni, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà wa ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀gẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá wọlé sí mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá." Mo kọ́kọ́ ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun ò fẹ́, pé ọmọ lòun. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ti darúgbó, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nílé àwọn arúgbó kan ní Ìlú Ọba, owó oṣù tí Rúùtù ń gbà níbí ló sì ń san fún ìtọ́jú náà.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ó ti lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà tó bá dé, á yà sọ́dọ̀ mi, màá bi í pé, "Ijọ́ mélòó lo lò?" Òun náà tó ti di ará ilé, á dá mi lóhùn bí ará ilé. Á ní, "Ijọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Màmá." Màá kọ ọ́ sínú jọ́tà mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó ní òntẹ̀ nínú, a máa ń fi í ránṣẹ́ sí Alájì ní Ọ̀yọ́.

Ìrìn karùn-ún ló wà nígbà tó pè mí lórí fóònù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oṣù kẹta ń parí lọ.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ló kù fún mi?"

Mo ní, "Ìyá ńkọ́?"

"Wọn ò jẹun mọ́. Dókítà ní ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn ò lè sọ. Mo fẹ́ dúró tì wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba owó orí ọdún yìí lọ́wọ́ mi, tí ìyá mi sì wá pẹ́ sí i láyé, mi ò ní rí owó ilé ìtọ́jú san. Ẹ sọ ibi tí mo lè dúró dé fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò jìn. Mo lè ní kó fún mi di ọ̀la, kí n lọ ka òntẹ̀ lọ́dọ̀ Alájì. Mo lè pe Alájì kó kà á fún mi. Ṣùgbọ́n ara bàbá náà kò yá lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn oníbàárà méjì jókòó tì mí, wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀, èmi Ìyá Oníwèé kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣí jọ́tà. Mo ro ijọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, mo ka ìrìn karùn-ún mọ́ ọn, láti ọjọ́ tó débẹ̀ títí dé ọjọ́ tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Mo ní, "Ọjọ́ méjì ló kù. Ọ̀la àti ọ̀túnla. Má jẹ́ kí ọ̀túnla parí bá ọ níbẹ̀."

"Ó dá yín lójú, Màmá?"

"Èmi tí mo ti ń kà á láti ìgbà tó o wà níléèwé?"

Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ gbà mí o."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Rúùtù kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá náà kú. Òyìnbó kì í yára sin òkú, wọ́n gbé e pamọ́ títí ọdún owó orí tuntun fi bẹ̀rẹ̀, kí Rúùtù tó padà lọ sin ín. Nígbà tó dé, ó mú ìborùn ìyá rẹ̀ kan wá fún mi. Ó ní bí kì í bá ṣe èmi, òun ì bá má mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo kí i kú àṣẹ̀yìndè.

Ní oṣù kẹfà, mo lọ sí Ọ̀yọ́ láti bá Alájì parí ìwé àwọn oníbàárà wa fún ọdún náà. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ń fi gíláàsì ńlá wo òntẹ̀. Ó kun àpótí Rúùtù láti iwájú, ó kà á láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Márùndínláàádọ́rùn-ún."

Mo ní, "Àádọ́rùn-ún gééré ni, sà. Mo ti kà á."

Ó na ọwọ́ gba jọ́tà mi. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ gíláàsì, ó sì pe oríkì mi, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Àdùkẹ́. Ìkómọ mélòó lo ṣe lọ́dún yìí?"

Ìrìn márùn-ún, mo kà á bí ìkómọ, mo fi ọjọ́ kan lé ìrìn kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo ní ọjọ́ méjì ló kù fún un, méje ló kù. Ó lè wà níbẹ̀ títí di Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, mo tún un ṣírò. Alájì kò pariwo. Ì bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Fáìlì yìí mọ́. Iye tó sùn kéré sí iye tí wọ́n fún un. Kò sí ìjọba tó máa bi ọ́."

Mo ní, "Kí ni kí n ṣe, sà?"

Ó ní, "Èmi ti sọ ohun tó jẹ́ tèmi fún ọ, ó ti pẹ́." Ó fa fáìlì mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri. Rúùtù wá sọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo díbọ́n pé mo ń wá bíró nílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Òtítọ́ wo lo fẹ́ lọ sọ fún ẹni tó ti sin òkú rẹ̀ tán? Ta ló máa wò sàn?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí obìnrin yẹn ń dá lọ́wọ́ mi ti di olè tí mo ń jà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí n kò bá sọ ọ́, màá gba ọpẹ́ yẹn títí màá fi gbà gbọ́ pé tèmi ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsà. Mo bá a láàárín àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, òun náà mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo ní mo fẹ́ rí i. A bọ́ sídìí máńgòrò, n kò tilẹ̀ jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti jọ́tà, mo sọ ti Ọ̀yọ́ tí n kò lọ, mo sọ ti àwọn tó jókòó tì mí. N kò fi ohun kan bò.

Ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún."

Mo ní, "Ọjọ́ márùn-ún."

Ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà nínú rẹ̀."

Kò bú mi. Kò sunkún níwájú mi. Ó padà síbi tó jókòó sí, ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń bẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní kí n wá jókòó, mo ní ojú ń kán mi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, dírẹ́bà rẹ̀ ló ń bá a gbé ìwé ìrìnnà wá sọ́dọ̀ mi lọ́dọọdún. Kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kò sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọ́fíìsì mi. Èwo ló le jù nínú méjèèjì, n kò mọ̀ títí dòní.

Iṣẹ́ ń lọ. Táípùráítà lọ, kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ti gbé òfin náà sórí ayélujára báyìí, á máa bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá máa dáhùn, á sì sọ bóyá ará ilé ni ọ́ tàbí ará òkèèrè kí omi gààrì rẹ tó gbẹ. Àwọn ọmọ Under G ń ṣe é lórí fóònù fún àwọn òyìnbó tí wọn ò rí rí. Mo yọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n iye òru tó o bá kọ sí i ló máa gbà, kò ní bi ọ́ bóyá orí òntẹ̀ lo ti kà á tàbí lẹ́nu ẹni tó ń dá ọ lóhùn bí ará ilé. Láti ìgbà ti Rúùtù, n kò tún dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí fóònù mọ́. Wọ́n ń bínú, wọ́n ní mo ń fa nǹkan gùn. Mo ní kí wọ́n máa bínú. Alájì kú lọ́dún kan tí òjò pọ̀, mo sì sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún bàbá mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tí mo ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ láti fẹ̀yìn tì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Rúùtù ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní iṣẹ́ òun ní Ìrẹsà parí, òun ń padà sílé, wọn ò ní ka ọjọ́ fún òun mọ́. Kò kúnlẹ̀. Ó jókòó, ó ní kí n mú ìwé onílà ti ọdún yẹn wá. N kò wá a pẹ́, mo mọ ibi tó wà láti ìgbà tí mo ti gbé e bọ̀ láti Ọ̀yọ́.

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ìka wá àpótí dúdú tó gbẹ̀yìn, ó rí àwọn funfun tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ kà á fún mi, Màmá. Ẹ kà á sókè. Òru tó ṣì jẹ́ tèmi."

Mo ka Ọjọ́bọ̀. Mo ka Ẹtì. Mo ka Àbámẹ́ta. Nígbà tí mo dé Àìkú, ẹnu mi kò gbé e. Òun ló kà á. Ó ka Ajé mọ́ ọn, ó ká ìwé náà, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ó ní, "Ó pé, Màmá."